Ogún, Ogójì, Ọgọ́ta

Ìyá àgbà mi ní Ẹ̀pẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, tó bá wa níbi tí a yí àwo ẹ̀bà ká, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá á ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ o.” Àlejò á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n má bínú, kíkà á sì tán síbẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló ń ka ẹja yíyan láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, márùn-ún-márùn-ún, tí kì í ṣì í kà, òjò ì báà máa rọ̀, oníbàárà ì báà máa pariwo. Ẹja ṣeé kà, ọmọ kò ṣeé kà. Èmi tí mo ti dàgbà tán ni mo wá dé ibi tí n kò ti mọ èwo ni ẹyẹ nínú méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ti yàn sílẹ̀, mo máa ń jókòó sínú ahéré onípákó kan ní Rainham Marshes, létí odò Thames, níbi tí ìlà-oòrùn London ti ń di Essex. Wọ́n gé fèrèsé tóóró-tóóró sára ahéré náà kí a lè máa wo ìta láìjẹ́ pé ẹyẹ rí wa. Màá gbé awò awọ̀nàjíjìn lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, màá fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti di ọdún mọ́kànlá. N kò gba kọ́bọ̀ rí.

Àìgbowó yìí gan-an ni àbúrò mi obìnrin kò lè gbé mì. Ó pè mí láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ wá ń lọ dúró nínú ẹrẹ̀ fún àwọn òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé ẹyẹ náà ṣeé jẹ ni?” Mo ní kò ṣeé jẹ. “Ṣé tiyín ni?” Mo ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á máa fi mí sínú àdúrà.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Òwúrọ̀ ni mo máa ń wọkọ̀ ojú irin bọ̀ wálé láti Fenchurch Street, nígbà tí gbogbo ayé ń lọ síbi iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Rainham, tó ń lọ sí Purfleet, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbalasa lápá ọ̀tún: koríko, omi tó ń dán, màlúù, àti ẹyẹ tó ń gbéra bí ẹni gbọn aṣọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni oorun ti máa ń dá lójú mi kí ó tún tó gbé mi lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kàn sọ̀ kalẹ̀ ní Purfleet lọ́jọ́ kan, mo rìn dé ibẹ̀, mo béèrè bóyá wọ́n nílò ẹni tí yóò máa gbálẹ̀.

Wọn kò fún mi ní ìgbálẹ̀. Wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà àti ayùn. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọgbà ẹyẹ ni kí a máa wo ẹyẹ, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yìn mi. Láti ìgbà tí ewé bá ti wọ́ títí òtútù fi ń lọ, a ń gé igi ẹlẹ́gùn-ún tó fẹ́ sọ àbàtà di igbó, a ń gé esùsú, a ń wa ìdọ̀tí kúrò nínú kòtò omi, a sì ń ṣa ọ̀rá àti ike tí odò Thames ń pọ̀ sẹ́bàá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí wa ń pe orúkọ mi gbàgà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! Lóṣù àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni mo ń wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ọ̀kan nínú wọn tó ń fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ló kọ́kọ́ pè mí ní Àǹtí. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ara sì tù mí.

Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ó di ìgbà tí mo dé Rainham kí òwe yìí tó yé mi. Odi gíga kan wà láàárín odò Thames àti ilẹ̀ wa. Òjò ló fún wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí à ń lò, pákó tí à ń fi dí ẹnu kòtò la sì fi ń dá a dúró, kí ó má ṣàn lọ sódò lásán. Ẹni tó bá dúró lórí odi náà á ní odò ń bá tirẹ̀ lọ, àbàtà ń bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń ti ìsàlẹ̀ wá kún odò, tó ń bo ẹrẹ̀ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń fi ẹnu tọ ẹrẹ̀ níbẹ̀ á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fò ré odi kọjá, wọ́n á wá bà sínú koríko wa, wọ́n á kọjú síhà kan náà bí ẹni tó wá kí ìbátan, tó ń retí kí òjò dá. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń kà fi ń wo ìwé ìgbà tí omi ń kún kí a tó wo aago.

Àwọn ọmọ ogun ló fi ilẹ̀ yìí kọ́ ìbọn yíyìn fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Britain, rà á lọ́dún 2000, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú lọ́dún 2006. Èmi gbà pé ìbọn ló dá a sí. Ilé iṣẹ́, ààtàn ńlá, ojú ọ̀nà A13 àti ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lọ sí ilẹ̀ Faransé ti yí i ká pátápátá, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ilé síbi tí ọta ń bà sí? Òkìtì tí ọta ń wọlé sí ṣì wà níbẹ̀. Ahéré kan wà nítòsí rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń wo ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ó sì lè bá àṣá níbẹ̀, tó ń fi ìyẹ́ lé afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ lórí esùsú.

Kí n padà sórí kíkà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní lapwing. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kàn án, á máa tàn bí ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Inú rẹ̀ funfun, ìyẹ́ tínínrín kan sì yọ sókè látàrí rẹ̀. Olóṣù ni mo sọ ọ́, nítorí ó rán mi létí àwọn tó fá orí, tí wọ́n fi òṣù sílẹ̀ láàárín. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sórí erékùṣù kékeré inú omi, wọn á tò síra wọn, gbogbo wọn á kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ta ló lè ka irú èyí lọ́kọ̀ọ̀kan? Kí o tó dé ogójì, àwọn kan á ti yí ipò padà, kannakánná á ti là wọ́n láàárín, ìwọ náà á sì ti gbàgbé ibi tí o dé.

Àwọn tó kọ́ mi ní kí n ka mẹ́wàá, kí n fojú wọn bí mẹ́wàá ṣe fẹ̀ tó, kí n wá fi ìwọ̀n yẹn wọn ìyókù. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àbọ̀ mi kò bá tẹni kankan mu rí. Mẹ́wàá kéré jù, ojú mi ń fò ó. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú gidigidi, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń dá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà. Ọwọ́ ìyá àgbà ló padà wá bá mi. Ẹja márùn-ún lọ́wọ́ kan, ọwọ́ mẹ́rin di ogún, wọ́n á gbé e kalẹ̀ sápá kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará àtijọ́ ń ka owó ẹyọ, márùn-ún-márùn-ún, títí yóò fi di igba. Mo gbé ojú mi sórí Olóṣù ogún, mo gbé e kalẹ̀, mo mú ogún mìíràn. Ìgbà tí mo dé ìpẹ̀kun erékùṣù náà, mo ní irinwó dín ogún. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin, tí ó sì ti ń ka ẹyẹ kí wọ́n tó bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ní 375. Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní kí ni mo ń sọ lẹ́nu yẹn.

Wọ́n ń sọ pé ìṣírò Yorùbá le, pé ó ń fi nǹkan yọ nǹkan láìnídìí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ka ẹyẹ rí. Bí o bá ti gbé ogún kalẹ̀ tán, tí ọ̀kan nínú wọn wá fò lọ, Gẹ̀ẹ́sì á ní kí o padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, kí o fi mẹ́sàn-án lé e. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀: mọ́kàndínlógún. Ogún rẹ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan ló dín. Bí mẹ́rin bá lọ, mẹ́rìndínlógún. Èdè tó mọ̀ pé nǹkan máa ń lọ kúrò lára ohun tí a ti kà tán ni, ẹyẹ kò sì mọ ju kó lọ.

Èmi náà ti lé wọn lọ rí. Ó jẹ́ ní ọdún kejì mi, ní oṣù kìíní. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wọ ahéré, ọmọ náà béèrè èwo ni Olóṣù. Ayọ̀ pé ẹnì kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi gbé mi dé ibi tí mo na ọwọ́ gba fèrèsé jáde láti fi hàn án. Ọwọ́ òsì ni mo tún nà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Wọn ì bá fi àbàtà kún un. Ẹyẹ kò bẹ̀rù ahéré, kò sì ka ohùn èèyàn sí púpọ̀, ṣùgbọ́n apá tó yọ lójijì láti inú igi, àṣá ni. Gbogbo wọn gbéra. Ọ̀run di dúdú, ó di funfun, ó tún di dúdú bí wọ́n ṣe ń yí padà. Ẹni tó ń ka apá kejì ọgbà náà ti kọ tirẹ̀ tán. Àwọn tí mo lé sì lọ bà sọ́dọ̀ rẹ̀. A kò lè mọ ẹni tí a ti kà àti ẹni tí a kò tíì kà mọ́. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú òtútù, kò sì sí ẹni tó bá mi wí. Ó sàn kí wọ́n bá mi wí.

Àṣìṣe tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ kò tiẹ̀ ní ariwo. Snipe ni ẹyẹ náà. Ẹnu rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí koríko gbígbẹ gẹ́lẹ́. Bó bá jókòó, o lè máa wò ó kí o má rí i. Mo jókòó fún wákàtí méjì, n kò rí ọ̀kan, mo kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bàbá awakọ̀ ojú irin wo ìwé mi. Ó ní, “Ṣé o wá a tí kò sí ni, àbí o kò kàn rí i?” Mo ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, a rìn lẹ́bàá kòtò kan. Lójijì, nǹkan bẹ́ sókè lẹ́sẹ̀ wa, ó dún bí aṣọ tó fàya, ó ń yí bìrì-bìrì lọ sókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mọ́kànlá ni wọ́n nínú koríko tí mo ti fi awò wò láti òwúrọ̀.

Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ kò ju kí o ka àwọn tó sùn láì jí wọn. O á mú iná tọ́ọ̀ṣì kọjú sílẹ̀, o á dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí o fi rí i pé aṣọ ìbora ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, kí o tó kọjá sí èkejì. Bẹ́ẹ̀dì tó bá sì ṣófo, o kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ti lọ. O á kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. “N kò rí i” àti “kò sí” kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Kíkà yìí ti wà kí n tó dé. Ọdún 1947 ni wọ́n ti ń ka àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú omi káàkiri Britain nígbà òtútù. Lónìí, WeBS ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, nǹkan bí 3,000 èèyàn tí kò gbowó ló ń ṣe é, ìwé gbogbo wa sì ń dé ọ́fíìsì BTO, àjọ tó ń ṣe ìwádìí ẹyẹ, ní Thetford. Kíkà ọjọ́ kan kò wúlò fún nǹkan kan, mo máa ń sọ èyí fún àwọn tuntun kí wọ́n má bàa gbéra ga. Ọdún mẹ́wàá tí a to síra wọn ló ń sọ̀rọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti ti àwọn tó ń ka ìtẹ́ lóko, ló fi hàn pé Olóṣù ń tán lọ, tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pupa àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu lọ́dún 2009. Ẹni tó bá wo erékùṣù wa lóṣù kìíní kò ní gbà á gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ òtútù.

Àwọn onílé ni à ń ṣọ́ lóṣù kẹrin. Olóṣù kì í kọ́ ìtẹ́ gidi. Ó kan ń fi àyà wa ilẹ̀ díẹ̀, á yé ẹyin mẹ́rin sí gbangba. Ọmọ rẹ̀ á pa, láàárín wákàtí díẹ̀ á ti máa rìn, á máa wá kòkòrò jẹ fúnra rẹ̀ létí omi, ó kéré bí èkùrọ́ tó hu ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí màlúù jẹ koríko dé ìwọ̀n kan, kí omi má gbẹ, kó má sì kún bo ìtẹ́. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà lára wáyà tí wọ́n fi yí ibẹ̀ ká nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rìn yí wáyà náà ká, kí n máa gé koríko abẹ́ rẹ̀, torí koríko tútù tó bá fara kàn án á fa iná wọlẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á sì mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí Olóṣù kò bá ní dín kù, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọ́ nǹkan bí 0.7 ọmọ dàgbà lọ́dọọdún. Àbọ̀ ọmọ àti díẹ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá àgbà ti sùn. Nínú ọkàn mi, ìdílé mẹ́wàá, ọmọ méje ni mo máa ń pè é.

Ọdún kan wà tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣọ́ tọkọtaya kan. Mo ka ọmọ wọn: mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta, ọ̀kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, n kò rí ọ̀kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba àkọsílẹ̀ ti ń mú bírò láti kọ òdo. Mo ní kó dúró. Kannakánná kan ń bọ̀ láti ìhà ààtàn, bàbá Olóṣù sì lọ pàdé rẹ̀ lókè, ó ń fò kọlù ú, ó ń ké. Ẹyẹ tí kò lọ́mọ kì í bá kannakánná jà bẹ́ẹ̀. A fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ọmọ kan tó jáde láti inú koríko, ó ti ga, ìbẹ̀rẹ̀ òṣù ti ń yọ lórí rẹ̀. Mo kọ “1” sí àyè náà gàdàgbà.

Ẹ má rò pé Olóṣù nìkan ló ń wù mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí lékeléke láàárín màlúù ní Essex, mo gbọn èékánná mi sí i nínú ahéré bí a ti ń ṣe lọ́mọdé, kó bá mi sọ ọ́ di funfun. Ènìyàn mẹ́ta ló yíjú wò mí. Ẹyẹ funfun ẹlẹ́nu dúdú, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ti ń bí ọmọ ní Britain láti ọdún 1996. Lékeléke gangan kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2008. Ṣáájú ìyẹn, ìyẹ́ wọn ló ń dé London, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ń fi ìyẹ́ náà ṣe fìlà, àwọn oníṣòwò sì ń pa ẹyẹ nígbà tó ń sàba, torí ìgbà yẹn ni ìyẹ́ náà máa ń gùn, ọmọ inú ìtẹ́ á wá kú sébi. Àwọn obìnrin ló dìde sí i: Emily Williamson ní Manchester, Eliza Phillips àti Etta Lemon ní Croydon, lọ́dún 1889. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ wọ ìyẹ́ ẹyẹ tí wọn kò pa fún jíjẹ. Ògòǹgò nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di RSPB. Ọdún 1921 ni òfin tó wá de kíkó ìyẹ́ wọ Britain. Mo ti fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí, ni mo bá rántí ìkóóde, mo rántí bí odídẹrẹ́ ṣe di ọ̀wọ́n lóko wa, mo pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tí alápàáńdẹ̀dẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé lóṣù kẹrin, mo máa ń kí wọn kú ewu ọ̀nà. Wọn kì í ṣe àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sí pálọ̀ wa o, ìyẹn yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí ń lọ lo ìgbà òtútù títí dé South Africa, orí ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà lójú ọ̀nà wọn. Ní ẹ̀bá Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, irú wọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ máa ń sùn sínú koríko orí òkè nígbà ọyẹ́.

Nǹkan mìíràn tún máa ń gbé ọkàn mi délé. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí àbàtà, ìlú Ramsar ní Iran ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ọdún 1971. Lára ohun tí wọ́n fi ń mọ àbàtà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ kà sí ni pé kí ẹyẹ omi tó ń wá síbẹ̀ déédéé tó 20,000. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín sókè. Ọ̀kẹ́ kan! Àpò owó ẹyọ kan pérépéré, bí àwọn bàbá wa ṣe ń dì í. Àwọn tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ kò gbọ́ nípa ọ̀kẹ́ rí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bá a sí.

Nàìjíríà ní àbàtà mọ́kànlá nínú ìwé Ramsar. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa tí a ní ọ̀sà láti Badagry títí kọjá Ẹ̀pẹ́. Ní Lekki, àjọ NCF tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀, ń ṣọ́ ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Mo ti lọ síbẹ̀, mo rìn lórí afárá ìrìn tó wà lókè igi, mo gbádùn rẹ̀. Bí mo ti jáde báyìí, iyanrìn ni wọ́n ń dà sínú omi. N kò wá fi ẹnu òkè-òkun bá ẹnikẹ́ni wí. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì ka àwọn èèyàn inú rẹ̀ láti ọdún 2006, bóyá ó pọ̀ jù láti ní kó ka ẹyẹ.

Oṣù kìíní ni mo lọ sílé kẹ́yìn. Ibi tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe ti di ilé alájà mẹ́ta, àwọn tó ń wa yanrìn sì wà lójú omi láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n igi kan ṣì kù létí ọ̀sà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lé lórí, ibẹ̀ ni lékeléke ń sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo gbé àga síta, mo mú ẹ̀rọ àtàǹpàkò mi jáde látinú báàgì. Àbúrò mi rí i láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n mi, níbí náà?” Ó padà sínú ilé láti lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan láti ilé kejì wá dúró tì mí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń tẹ̀?” Mo sọ fún un. Ó ní ṣé òun náà lè kà. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, èmi ń fi ẹnu kà: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ó dín méjì. Èjìdínlọ́gọ́ta. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó ní 63 ni tòun.

Mo ní kó tún un kà. Ó ní òun kà á re. Mo wá ṣàlàyé òfin fún un bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ẹyẹ tó bá ń fò kọjá, a kì í kọ ọ́ mọ́ ibi tí kò bà sí, èyí tó bá ti bà ló jẹ́ ti ibẹ̀.

“Wọ́n ń bọ̀ wá bà, Màmá,” ó ní, ó sì ń wo òkè ọ̀sà.

Mo gbójú sókè. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n ṣì jìnnà, wọ́n ń fò bọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ awayanrìn, oòrùn ti sọ abẹ́ apá wọn di pupa. A dúró dè wọ́n. Ọ̀kan yí po igi náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí àyè. Mo mú bírò, mo pa èjìdínlọ́gọ́ta rẹ́.